Iye Dáńlóòdù Kì Í Ṣe Iye Ènìyàn

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin wa. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣe fún èdè Yorùbá, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹlòmíràn ni pé: "Ẹni mélòó ló ti dáńlóòdù rẹ̀?" Bí iye náà bá kéré, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọn á ní Yorùbá kò rìn lórí ẹ̀rọ, kí ẹni tó ṣe irinṣẹ́ náà lọ wá nǹkan mìíràn fi àkókò rẹ̀ ṣe. Bí iye náà bá pọ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, láì béèrè ẹni tí wọ́n kà.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a fi ìdáhùn ìbéèrè yẹn dá ẹjọ́ irinṣẹ́ kankan. Iye dáńlóòdù kì í ṣe iye ènìyàn. Àṣìlò rẹ̀ sì ń pa èdè bíi tiwa lára ju bí ó ṣe ń pa àwọn èdè ńlá lára lọ, nítorí pé irinṣẹ́ wa kò pọ̀, àwọn tó ń ṣe wọ́n kò pọ̀, owó tí wọ́n fi ń ṣe é kò sì tó nǹkan. Bí a bá fi òǹkà tí kò péye lé ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ náà kúrò nídìí rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kà gan-an?

Sọ́fítíwíà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní open source ni èyí tí ẹni tó kọ ọ́ gbé kóòdù rẹ̀ síta, tó sì fún gbogbo ayé láṣẹ láti lò ó, láti dà á kọ, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní sọ́fítíwíà gbangba nínú àròkọ yìí. Àṣẹ yẹn gan-an ló mú kí kíkà rẹ̀ ṣòro. Ẹni tó ń ta ọjà mọ iye tó tà, nítorí owó ń wọlé. Ẹni tó gbé ọjà rẹ̀ sí gbangba, tó ní kí a máa mú un, kí a sì máa bá òun pín in, kò ní ìwé owó tí yóò ṣí wò.

Ohun tí ẹ̀rọ ń kà ni iye ìgbà tí wọ́n wá béèrè fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì gbé e fún wọn. Kò mọ̀ bóyá ènìyàn ló béèrè tàbí ẹ̀rọ bíi tirẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹni náà ṣí fáìlì ọ̀hún tàbí ó jù ú sí kọ̀rọ̀ kan. Bí ẹnì kan bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já a jù sílẹ̀, ẹ̀rọ náà lè kọ mẹ́wàá sílẹ̀.

Ẹ wo npm, ibi ìpamọ́ tí àwọn tó ń fi JavaScript kọ sọ́fítíwíà ti ń mú ohun èlò wọn. Ní 2014, àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ fúnra wọn ṣàlàyé pé iye tí àwọn ń gbé síta jẹ́ àpapọ̀ oríṣiríṣi. Ènìyàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ́ sọ́fítíwíà tó sì ń dán an wò láìsí ènìyàn nídìí rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ibi ìpamọ́ mìíràn tó ń da gbogbo ẹrù npm kọ wà níbẹ̀, àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń yẹ ẹrù wò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn ni wọ́n rò pọ̀ sí iye kan ṣoṣo.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, gbogbo ayé rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní oṣù Kẹta 2016, Azer Koçulu bá àwọn npm jà lórí orúkọ kan, ó sì kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà ni left-pad, ìlà kóòdù 11 péré, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀ lọ. Iye dáńlóòdù rẹ̀ ní oṣù kan ti lé ní mílíọ̀nù 2. Ṣé ènìyàn mílíọ̀nù 2 ló jókòó tí wọ́n ní left-pad làwọn fẹ́? Rárá o. Àwọn sọ́fítíwíà ńlá bíi Babel ló gbára lé e, tí ẹ̀rọ sì ń fà á wọlé tẹ̀lé wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró gbọnrangandan lọ́jọ́ náà ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kí ó tó pòórá.

Àwọn tó ń fi Python ṣiṣẹ́ ti gba ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. PyPI, ibi ìpamọ́ tiwọn, kì í kọ iye dáńlóòdù sí ojú ìwé sọ́fítíwíà kankan. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún àwọn oníṣẹ́ wọn sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò: pip, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé nǹkan wọlé, máa ń tọ́jú ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò ní padà lọ béèrè rẹ̀, àwọn ibi àdàkọ sì wà káàkiri tí PyPI kò lè rí inú wọn. Wọ́n tún fi kún un pé dáńlóòdù púpọ̀ kò fi hàn pé ohun náà dára. Ẹni tó bá fẹ́ wo òǹkà náà lè lọ wá a nínú BigQuery ti Google, ṣùgbọ́n wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ẹnikẹ́ni bí àmì ìyẹ́sí.

Ní GitHub ńkọ́? Wọ́n ń ka iye ìgbà tí wọ́n mú fáìlì tí oníṣẹ́ dìídì gbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí wọ́n da gbogbo kóòdù rẹ̀ kọ, àwọn tó ni iṣẹ́ náà nìkan ló lè rí i, wọn kò sì lè rí ju ti ọjọ́ 14 tó kọjá lọ. Ẹni tó gbàgbé láti wò ó kó tó di pé ọjọ́ kọjá ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Bí òǹkà ṣe ń fo Eruku kọjá

Títí dé ibí, ohun tí a sọ ni bí òǹkà ṣe ń fi ohun tí kì í ṣe ènìyàn kún ènìyàn. Apá kejì ló kan wa jù: bí ó ṣe ń fo ènìyàn gidi kọjá.

Ẹ wo ìlú bíi Eruku ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Kwara, àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ bíi Ọ̀sí àti Ìlọ́fà. Data wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ a máa bọ̀, iná kì í dúró. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ mú áàpù fúnra rẹ̀. Ẹni tó lọ sí Ọ̀mù-Àrán tàbí Ìlọrin ni yóò gbé e bọ̀ lórí fóònù. Láti orí fóònù yẹn, Xender àti Bluetooth á gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́, àbúrò àti aládùúgbò. Mẹ́mórì káàdì á gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá rárá. Ẹni tó ń gba owó láti fi orin àti fíìmù sí fóònù nínú ọjà náà a máa fi áàpù kún un fún oníbàárà. Ẹni tó mọ ojú ilé á mọ̀ pé báyìí ni nǹkan ṣe ń tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ tó wà ní òkè òkun kò mọ ọ̀kankan nínú wọn.

Kiwix ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Sọ́fítíwíà gbangba ni, ó ti wà láti 2007, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó jẹ́ kí a lè ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. A lè kó Wikipedia èdè Yorùbá lódindi sínú rẹ̀, kí a gbé e sórí fíláàṣì, kí a sì gbé fíláàṣì náà lọ sí ilé-ìwé. Irinṣẹ́ tó jẹ́ pé ibi tí ẹ̀rọ kò ti lè kà ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, iye dáńlóòdù wo la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní olùkọ́ kan ní Eruku dáńlóòdù Kiwix lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà 30 ní ilé-ìwé, tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sì ń pín kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lò. Ènìyàn 120 ló ń kàwé níbẹ̀. Iye tó wọ inú ìwé òǹkà ni 1. Ká tún ní ẹ̀rọ ìdánwò kan wà ní ìlú òkèèrè, tó ń fa sọ́fítíwíà kan wọlé nígbà 40 lójúmọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Láàrin ọjọ́ 30, iye tó wọ inú ìwé òǹkà ni 1,200. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá wá gbé ìwé òǹkà yìí sílẹ̀, tó ní ẹ̀rọ ìdánwò yẹn ṣe pàtàkì ju ilé-ìwé Eruku lọ ní ìlọ́po 1,200, ṣé a ó gbà fún un?

Irinṣẹ́ tiwa ńkọ́?

Gbogbo wa la mọ ìyà tí àìsí àmì ohùn ń fi jẹ wá. Ẹ kọ "oko" láìsí àmì kankan, kí ẹ sì sọ fún wa bóyá oko tí a ń ro ni, tàbí ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun ń gbé. Iroro Orife ṣiṣẹ́ lórí ìṣòro yìí. Ní 2018, ó gbé iṣẹ́ ìwádìí kan síta níbi àpérò Interspeech, nípa bí a ṣe lè kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kọ láìsí àmì. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ Niger-Volta-LTI gbé kóòdù náà sí gbangba, wọ́n sì di í ní ẹrù kan tí ẹnikẹ́ni lè mú ní PyPI. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ìrànlọ́wọ́.

Báwo la ṣe fẹ́ ka àwọn tó ń jẹ àǹfààní Ìrànlọ́wọ́? Olùwádìí kan lè mú un lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi tún ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn ṣe, kí ó gbé àwọn gbólóhùn náà síta, kí àwọn mìíràn sì fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè. Àwọn tó bá lo ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè náà kò ní gbọ́ orúkọ Ìrànlọ́wọ́ láéláé, bí ẹni tó ń jẹ iyán kò ṣe ní béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ odó.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tó kó owó jọ fún lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní 2015. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub. Àwọn tó dá kóòdù náà kọ lè má ju ìwọ̀nba àwọn tó mọ kóòdù kọ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá kan ní London tó fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ kí ó tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ kò ní dáńlóòdù kóòdù kankan. Yóò kàn ṣí i, yóò kà á, yóò sì sọ ọmọ lórúkọ. Nínú òǹkà dáńlóòdù, ìyá yẹn kò sí láyé.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò. Àwọn YorubaName kan náà ṣe kíbọ́ọ̀dù tí a fi ń tẹ àmì ohùn sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan la ń gbà á. Bí kò bá bàjẹ́, a lè fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, kí a fi kọ lẹ́tà, kí a fi kọ ìwé fún ọdún márùn-ún, kí òǹkà rẹ̀ má sì kúrò lórí 1. Èyí tó ń bàjẹ́ lóṣooṣù, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí a sì ń tún un gbà, òun ni òǹkà rẹ̀ yóò máa ga. Bí a bá ń tẹ̀lé iye lásán, irinṣẹ́ tó jẹ́ aláìníyọnu ni a ó máa fi ìyà jẹ.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ

Ẹlòmíràn á ní: bí kíkà níbi ẹnu ọ̀nà kò bá péye, kí wọ́n fi ohun tó ń ka ènìyàn sínú sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀, kí ó máa ròyìn fún oníṣẹ́ nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i. Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2021, kò pẹ́ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Muse Group gba Audacity, sọ́fítíwíà gbangba tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n dábàá láti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó fárí gá débi pé wọ́n ní láti pa àbá náà tì.

Àwọn baba wa ti sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ ni pé kí a má mọ òǹkà. Èdè tí òǹkà rẹ̀ kún fún àròpọ̀ àti àyọkúrò kò lè kórìíra ìṣirò. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ẹni tí a ń kà ló ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àwọn Debian ṣe tiwọn lọ́nà tó bá òwe yìí mu. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi àdàkọ ló wà tí a ti lè gba Debian, wọn kò lè ka dáńlóòdù. Wọ́n wá ṣe irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní popcon. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bóyá ó fẹ́ kí a kà á. Bí kò bá ti fúnra rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò kà á. Bí ó bá gbà, popcon á máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, á sì ya àwọn sọ́fítíwíà tó kàn wà nílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ẹni náà ń lò déédéé. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni popcon ń rí, àwọn Debian kò sì sọ pé gbogbo ènìyàn ni.

Ní Nàìjíríà, kò yẹ kí a máa kọ́ ẹnikẹ́ni pé iye ń wú bí owó bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ètò ìkànìyàn 1973 di ohun tí ìjọba Murtala Muhammed wọ́gi lé ní 1975. Ètò ìkànìyàn tó kẹ́yìn, ti 2006, tó ní a lé ní mílíọ̀nù 140, kò yọ nínú àríyànjiyàn. Nígbà tí ìpín bá rọ̀ mọ́ iye, olúkúlùkù á máa wá bí tirẹ̀ ṣe máa pọ̀. Dáńlóòdù tún rọrùn láti wú ju ènìyàn lọ: ìlà kóòdù díẹ̀ tó ní kí ẹ̀rọ máa gba fáìlì kan náà ní àgbàtúngbà ti tó. Bí àwọn tó ń fún ni lówó bá sọ pé iye dáńlóòdù làwọn yóò wò, àwọn tí kò ní ojútì ni yóò gba owó náà lọ.

Kò túmọ̀ sí pé kí a da òǹkà nù

A kò sọ pé iye dáńlóòdù kò wúlò rárá. Bí a bá ń fi òǹkà irinṣẹ́ kan náà wé ara rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ó lè fi hàn bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lè sọ fún oníṣẹ́ bóyá ti Windows ni àwọn ènìyàn ń mú jù tàbí ti Mac. Lẹ́yìn tí wọ́n rí ihò ńlá nínú Log4j ní oṣù Kejìlá 2021, òǹkà dáńlóòdù ló tú àṣírí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì ń fa ẹ̀dà tó níhò wọlé nígbà tí ẹ̀dà tí wọ́n ti tún ṣe ti wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni òǹkà ti ṣiṣẹ́ gidi. Ìbéèrè tó lè dáhùn ni wọ́n bi í: ẹ̀dà wo ló ń jáde? Ẹnikẹ́ni kò bi í pé ta ló fẹ́ràn Log4j.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún ń jiyàn lórí irinṣẹ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè padà. Ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn? Àwọn wo ló ń kọ̀wé sí oníṣẹ́ pé ibí yìí kò dára, ṣé ẹnìkan sì ń dá wọn lóhùn? Àwọn iṣẹ́ mìíràn wo ló dúró lórí rẹ̀? Bí ó bá pòórá lọ́la bíi left-pad, iṣẹ́ ta ni yóò dúró? Irinṣẹ́ tó ní ènìyàn ogún tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i ní ìdí láti wà ju èyí tí ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kàn gbà tí wọ́n sì gbàgbé lọ.

Ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ni apá tó kù wà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí a bá fi Ìrànlọ́wọ́ tàbí kíbọ́ọ̀dù kan ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa, ẹ jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, kí ẹni tó ṣe é lè rí ẹ̀rí tí kì í ṣe iye lásán. Bí ó bá fi àmì sí ibi tí kò yẹ, ká kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí àwa la kọ́ àmì ohùn ní kíláàsì. Àwọn oníkóòdù kọ́. Bí a bá sì lọ sílé nígbà ọlidé, ní Eruku tàbí níbikíbi tí ilé wa bá wà, ká gbé irinṣẹ́ náà lọ lórí fíláàṣì fún àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, ká sì béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn oṣù kan bóyá wọ́n ń lò ó àti ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìdáhùn olùkọ́ mẹ́ta tí a kọ sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ yóò ran oníṣẹ́ lọ́wọ́ ju 3,000 tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ipò tí ẹ ti ń pín owó ìwádìí tàbí tí ẹ ń bójú tó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò pọ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ kan bá gbé irinṣẹ́ Yorùbá wá síwájú yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye dáńlóòdù jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ bi í pé ta ló ń lò ó, kí ẹ sì fún un ní àyè láti mú wọn wá.